Agbẹjọ́ ẹnìkan dá: bí ilé àyẹ̀wò ṣe ń mọ igbó àti ayédèrú rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ìwé yìí lónìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń sọ ní ohùn ìsàlẹ̀: ọ̀rọ̀ igbó, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní chanvre indien, àti ọ̀rọ̀ àwọn oògùn tuntun tí àwọn oníṣòwò ń tà bí ẹni pé igbó ni wọ́n.

A kò wá láti tún ìwàásù tí gbogbo wa ti gbọ́ wà. Ìbéèrè kan ni a fẹ́ dáhùn. Nígbà tí ọlọ́pàá bá mú ewé gbígbẹ kan dání tí ó ní, "Igbó ni èyí," tàbí tí dókítà bá wo páálí àyẹ̀wò ìtọ̀ tí ó ní, "Ọmọ yín ti mu igbó," báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yìí lè rán ọmọ ẹni lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ náà là.

Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò yóò jẹ́rìí pé òwe yìí gan-an ni òfin wọn. Ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó láti dárúkọ oògùn. A gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ẹlẹ́rìí kejì, kí ẹlẹ́rìí kejì náà sì jẹ́ ẹni tí kò gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú àkọ́kọ́ dé ibi tí òtítọ́ wà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sàró

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ilẹ̀ tí kì í ṣe àjèjì sí wa. Freetown ni a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Akú níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni Samuel Ajayi Crowther ti kàwé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ Julius Maada Bio kéde pé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní kush ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù kìíní ọdún kan náà, Ààrẹ Joseph Boakai ti ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lórí oògùn olóró ní Liberia tí ó jẹ́ aládùúgbò wọn.

Kí ni ó wà nínú kush? Ìtàn tí ó gba ìgboro ni pé egungun òkú ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọn. Ìtàn náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fi ọlọ́pàá ṣọ́ ibi ìsìnkú ní Freetown. Ṣùgbọ́n irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 2025, àjọ Global Initiative Against Transnational Organized Crime àti ilé ìwádìí Clingendael ti ilẹ̀ Họ́láńdì gbé àbájáde àyẹ̀wò tí a ṣe sí kush jáde. Nínú àwọn kan, nitazene ni wọ́n rí. Oògùn àtọwọ́dá ni nitazene. Ó ń ṣiṣẹ́ bíi morphine, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irú rẹ̀ lágbára ju morphine lọ fíìfíì. Nínú àwọn mìíràn, kánábínọ́ìdì àtọwọ́dá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MDMB-4en-PINACA ni wọ́n bá.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ẹni tí nitazene bá fẹ́ dá èémí rẹ̀ dúró, oògùn naloxone lè mú un padà bí a bá tètè fún un. Ẹni tí ó mu kánábínọ́ìdì àtọwọ́dá, naloxone kò ní ràn án lọ́wọ́. Ọ̀nà mìíràn ni dókítà gbọ́dọ̀ gbà tọ́jú rẹ̀. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ ní ìgboro, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ohun tí ó wà nínú ewé

Kí a tó mọ ayédèrú, ó yẹ kí a mọ ojúlówó. Ewé igbó ní ohun tí ó ju 100 lọ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní kánábínọ́ìdì. Méjì ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn: THC, tí ó ń pa ènìyàn bí ọtí, àti CBD, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Raphael Mechoulam àti Yehiel Gaoni ni wọ́n yọ THC sọ́tọ̀ ní mímọ́ ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí wọ́n sì ṣàlàyé bí a ti to ara rẹ̀, ní ọdún 1964. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ rí ojú ibi tí THC ń so mọ́ nínú ọpọlọ, èyí tí a wá ń pè ní CB1. Ẹ lè pè é ní ihò àgádágodo, kí ẹ pe THC ní kọ́kọ́rọ́. Ní ọdún 1992, Mechoulam, William Devane, Lumír Hanuš àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí kọ́kọ́rọ́ tí ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ń rọ fún ihò náà. Anandamide ni wọ́n sọ ọ́, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Sanskrit kan tí ó túmọ̀ sí ìdùnnú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwòrán kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún bá a pàdé.

THC àti CBD dà bí ìbejì. Kábọ̀nù 21, háídrójìn 30 àti ọ́síjìn 2 ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, ìwúwo wọn kò fi ohunkóhun ju ara wọn lọ. Bí a ṣe to àwọn átọ̀mù náà nìkan ni ó yàtọ̀. Bí Táyé bá ṣẹ̀, tí a wá mú Kẹ́hìndé, a ti ṣìkà. Èyí ni ìṣòro àkọ́kọ́ tí ilé àyẹ̀wò ní láti borí.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́: ojú àti àwọ̀

Àyẹ̀wò tí ó pẹ́ jù ni ti máíkírósíkópù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Lára ewé igbó, irun kéékèèké wà tí ó tẹ̀ bí èékánná ẹranko. Ní ìdí irun náà, ohun funfun kan wà tí ó jẹ́ kalísíọ́mù kábónéètì, ohun kan náà tí èèpo ẹyin adìyẹ ní nínú. Bí a bá kán ásíìdì sí i, yóò hó. Àwọn irun olórí róbótó mìíràn tún wà. Inú orí wọn ni oje tí ó ní THC máa ń gbé sí. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ iṣẹ́ yìí lè mọ ewé náà bí ó bá ṣì wà ní odindi. Bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ kúnná, tàbí tí wọ́n ti fún oje rẹ̀ jáde, iṣẹ́ máíkírósíkópù kò tó mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò àwọ̀. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ń jẹ́ orúkọ Pierre Duquénois, onímọ̀ oògùn ará Faransé tí ó gbé e jáde ní àwọn ọdún 1930. Àfikún tí Levine ṣe sí i ni ó jẹ́ kí a máa pè é ní Duquénois-Levine títí di òní. A ó bu ewé díẹ̀ sínú ìgò kékeré, a ó da omi àyẹ̀wò tí ó ní vanilline nínú lé e lórí, a ó sì kán acide chlorhydrique sí i. Bí ó bá jẹ́ igbó, omi náà yóò di àwọ̀ àlùkò. Lẹ́yìn náà, a ó da kulorofọ́ọ̀mù sí i. Kulorofọ́ọ̀mù yóò lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ìgò, bí àwọ̀ àlùkò náà bá sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé e, àyẹ̀wò ti sọ pé "ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ igbó."

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: ó ṣeé ṣe. Àyẹ̀wò yìí kò ná owó púpọ̀, a lè ṣe é lẹ́bàá ọ̀nà ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì wúlò láti mọ ohun tí ó yẹ kí a gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n àwọn ewé mìíràn tí kò bá igbó tan, bíi patchouli àti cypress, ti mú àwọ̀ tí ó fara jọ tirẹ̀ wá. Èyí tí ó tún ṣòro jù ni pé kò lè ya ìbejì wa sọ́tọ̀. Igbó tí a ń gbìn fún okùn àti epo, tí CBD pọ̀ nínú rẹ̀ tí THC rẹ̀ kò tó nǹkan, yóò fún wa ní àwọ̀ àlùkò kan náà. Nígbà tí Amẹ́ríkà fi òfin sọ irú igbó olókùn bẹ́ẹ̀ di ohun tí a lè gbìn ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, bí THC inú rẹ̀ kò bá ti ju 0.3 nínú 100 lọ, ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ibẹ̀ rí i pé àyẹ̀wò àwọ̀ kò lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti mọ̀ pé igbó ni kò tó mọ́; ó di dandan láti wọn iye THC tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì: ìrìn àti ìwúwo

Ẹlẹ́rìí kejì kò gba ọ̀nà àwọ̀ wá. Ọgbọ́n ìrìn ni ó ní. Ẹ fojú inú wo àwọn ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n jọ gbéra ní àfẹ̀mọ́jú láti lọ sí ọjà. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ kò mọ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, ó sì lọ tààrà. Ẹni kejì ní ìbátan díẹ̀, ó yà kí wọn. Ẹni kẹta kò lè kọjá ilé kan láìyà. Bí ẹnì kan bá dúró ní ẹnu ọjà tí ó ń wo aago, yóò mọ ẹni tí ó dé nípa àkókò tí ó dé.

Kromatográfì ni orúkọ ọgbọ́n yìí. Mikhail Tsvet, onímọ̀ ewéko ará Rọ́ṣíà, ni ó dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí ó ń ya àwọn àwọ̀ inú ewé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ilé àyẹ̀wò tí kò lówó púpọ̀, a lè ṣe é lórí páálí pẹlẹbẹ tí a fi ẹtù funfun kùn: a kán oje ewé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ti etí rẹ̀ bọ omi, omi náà yóò sì gun òkè, tí yóò máa fa ohun kọ̀ọ̀kan lọ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìbejì wa yóò yà níhìn-ín: ibi tí THC yóò dúró sí kì í ṣe ibi tí CBD yóò dúró sí.

Ní ilé àyẹ̀wò ńlá, inú ẹ̀rọ ni ìrìn yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Nínú ẹ̀rọ kan, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ó ń gbé oje náà lọ. Nínú èkejì, omi ni. Ìyàtọ̀ àárín wọn ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Nínú igbó tútù, kì í ṣe THC fúnra rẹ̀ ni ó pọ̀ jù bí kò ṣe THCA, ìyá tí ó bí i. Ooru ni ó ń sọ THCA di THC, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tí ń mu ún fi ń sun ún. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò sọ THCA di THC kí ó tó wọ̀n ọ́n, nítorí náà àpapọ̀ méjèèjì ni yóò kà. Ẹ̀rọ olómi kì í gbóná bẹ́ẹ̀. Ó lè ka ìyá lọ́tọ̀, kí ó ka ọmọ lọ́tọ̀. Gírámù THCA 1 yóò di THC gírámù 0.877 bí gbogbo rẹ̀ bá yí padà. Níbi tí òfin bá ti fi òdiwọ̀n lélẹ̀, adájọ́ gbọ́dọ̀ mọ èwo nínú méjèèjì ni a kà.

Ní òpin ọ̀nà, a kì í jẹ́ kí ẹni tí ó dé ọjà lọ láìjẹ́ pé a wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ mìíràn wà níbẹ̀ tí àwọn elédè Faransé ń pè ní spectromètre de masse. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fọ́ mọ́líkù, kí ó sì wọn àfọ́kù kọ̀ọ̀kan. Àwọn amọ̀kòkò wa mọ̀ pé ìkòkò kì í ṣàdédé fọ́. Ibi tí ara rẹ̀ bá ti fúyẹ́ ni ó ti ń là, ẹni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ yóò wo àpáàdì, yóò sọ irú ìkòkò tí ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́líkù kọ̀ọ̀kan ní àpáàdì tirẹ̀. Àkókò tí ó fi dé ọjà jẹ́ ẹ̀rí kan, àpáàdì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí kejì. Nígbà tí méjèèjì bá bá ti ojúlówó THC tí a fi pamọ́ sí ilé àyẹ̀wò mu, a lè wá dárúkọ.

Àtọwọ́dá tí kò jọ igbó

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ níbẹ̀, ìbá rọrùn. Ní Yunifásítì Clemson ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tí ń jẹ́ John W. Huffman. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ́kọ́rọ́ tuntun láti fi mọ bí ihò CB1 ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ìwádìí ni ó ń ṣe, kì í ṣe òwò. Lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ wọ́n: JWH-018, JWH-073 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ bí gbogbo onímọ̀ ti ń ṣe, àwọn oníṣòwò sì kà á.

Ní Yúróòpù, àpò kékeré aláràbarà tí a kọ Spice sí lára bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Orúkọ ewé oríṣiríṣi ni a to sí ara rẹ̀, wọ́n sì pè é ní tùràrí. Àwọn tí ó mu ún ń ṣe bí ẹni tí ó mu igbó, síbẹ̀ ilé àyẹ̀wò kò rí THC kankan nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008 ni ilé iṣẹ́ THC Pharm ní Frankfurt, ní Jámánì, kéde pé JWH-018 ni wọ́n bá nínú ewé náà. Volker Auwärter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Freiburg náà tú àṣírí rẹ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Ewé náà kò ní agbára kankan. Lúlúù kẹ́míkà ni wọ́n yọ́ tí wọ́n wọ́n sí i lára. Jámánì fi òfin de JWH-018 ní oṣù kìíní ọdún 2009. Kò pẹ́ oṣù mélòó kan tí JWH-073 fi gba ipò rẹ̀ nínú àpò. Láti ìgbà náà, àwọn kánábínọ́ìdì àtọwọ́dá tí a ti rí ní ọjà Yúróòpù ti ju 200 lọ.

Kí ló dé tí àyẹ̀wò àtijọ́ kò fi rí wọn? Nítorí pé kọ́kọ́rọ́ méjì lè ṣí àgádágodo kan náà láìjẹ́ pé wọ́n jọ ara wọn. JWH-018 ń wọ ihò CB1 bíi THC, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Àwọ̀ àlùkò kò ní yọ fún un. Ilé àyẹ̀wò tí ó bá ń wá ẹni tí ó ti mọ̀ nìkan yóò jẹ́ kí àlejò kọjá.

Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ fi ń lé àlejò yìí bá. Èkínní ni ẹ̀rọ tí ń wọn mọ́líkù dé ìdá kékeré. THC wúwo tó 314.2246 ní òdiwọ̀n átọ̀mù, JWH-018 sì jẹ́ 341.1780. Láti inú àwọn nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn àmì kékeré yẹn, onímọ̀ lè ṣírò irú átọ̀mù tí ó wà nínú ohun tí kò tíì rí rí, kí ó tó wá fi àpáàdì rẹ̀ mọ ìdílé tí ó ti wá. Ọ̀nà kejì ni èyí tí Christophe Stove àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọn kò béèrè orúkọ kọ́kọ́rọ́. Àgádágodo CB1 ni wọ́n gbé kalẹ̀ nínú àwo àyẹ̀wò, wọ́n sì ń wò ó bóyá yóò ṣí. Bí ó bá ṣí, ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ náà, bí a kò tilẹ̀ tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2016, ní Brooklyn ní ìlú New York, ènìyàn 33 ṣubú sínú àrùn ní ọjọ́ kan, tí ojú wọn ń wo òfìfo, tí wọ́n ń rìn bí ẹni tí kò sí nínú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń wọn mọ́líkù dé ìdá kékeré ni ó mọ oògùn náà: AMB-FUBINACA, tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po 85 ti THC gẹ́gẹ́ bí àwọn olùwádìí náà ti kọ ọ́. Ní ìpínlẹ̀ Illinois ní ọdún 2018, ènìyàn tí ó ju 150 lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ láti ihò imú, láti inú ìtọ̀ àti láti ìdí eyín, àwọn kan sì kú. Ilé àyẹ̀wò rí i pé wọ́n ti po brodifacoum, májèlé eku, mọ́ ayédèrú igbó tí wọ́n mu. Nítorí pé a mọ orúkọ májèlé náà, àwọn dókítà mọ̀ pé fítámìnì K ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀, àti pé ó gbọ́dọ̀ pẹ́ kí a tó dá a dúró.

Ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀

Títí dé ibi tí a dé yìí, ewé ni a ń yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ó bá jẹ́ ara ènìyàn. Páálí kékeré tí a ń ti bọ ìtọ̀ kì í wá THC. Ohun tí ó ń wá ni THC-COOH, ìyókù tí ẹ̀dọ̀ sọ THC dà. Níbi iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, náńógírámù 50 nínú mìlílítà ìtọ̀ 1 ni ààlà tí a fi lélẹ̀ fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yìí. Kí ẹ lè rí bí ó ti kéré tó, ó dà bí gírámù 50 tí a yọ́ sínú lítà omi mílíọ̀nù kan. Bí páálí bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ tí ń wo àkókò àti àpáàdì ni yóò tún un yẹ̀ wò, pẹ̀lú ààlà náńógírámù 15. Àjọ tí ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá lágbàáyé gbé ààlà tirẹ̀ láti 15 sí 150 ní ọdún 2013. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ rántí èyí.

Páálí ìtọ̀ lè purọ́ sí apá méjèèjì. Ó lè sọ pé rárá nígbà tí ó yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni: ẹni tí ó mu kánábínọ́ìdì àtọwọ́dá lè wà lórí ibùsùn láìmọ ibi tí ó wà, kí páálí náà ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó sì lè sọ bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí ó yẹ kí ó sọ rárá. Efavirenz, oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lò fún kòkòrò HIV ní ilẹ̀ wa, ti mú kí irú àwọn páálí kan kígbe igbó lórí ẹni tí kò fi ẹnu kàn án rí. Ẹ ro irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní iwájú ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀: yálà kí ó gba ẹ̀sùn tí kò mọ̀dí, tàbí kí ó tú àṣírí àìsàn rẹ̀. Ẹlẹ́rìí kejì ni yóò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìfi ojú tì í.

Kódà nígbà tí páálí bá sọ òtítọ́, ìwọ̀nba ni òtítọ́ tí ó lè sọ. THC ń fara pamọ́ sínú ọ̀rá ara, ó sì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó mu ún lẹ́ẹ̀kan lè gbé ìyókù rẹ̀ kiri fún ọjọ́ mélòó kan; ẹni tí ń mu ún lójoojúmọ́ lè gbé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, bí ọlọ́kadà, zémidjan wa, bá ní ìjàǹbá lónìí, ìtọ̀ rẹ̀ kò lè sọ bóyá igbó ń pa á nígbà tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, nínú èyí tí a ti lè wọn THC fúnra rẹ̀, ni ó sún mọ́ ìdáhùn jù, bí a bá tètè gbà á.

Ohun tí ó kàn wá

Ẹnu ààlà ni púpọ̀ nínú wa ń gbé. Ohun tí ń rìn ní ọ̀nà Kétu sí Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ, tàbí ní ọ̀nà Ìgòlò sí Ìdìrókò, kì í béèrè èdè tí a ń sọ ní ilé ìwé. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá Nàìjíríà ṣe, tí ó jáde ní ọdún 2019, fojú bù ú pé ènìyàn mílíọ̀nù 10.6 ni ó ti lo igbó níbẹ̀ láàárín ọdún kan. Ayédèrú náà sì ti dé ìgboro ibẹ̀. Colorado ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin lórí oògùn olóró láti ọdún 1997, ilẹ̀ Tógò náà láti ọdún 1998. Òfin wà. Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè ni ẹ̀rí tí a ń gbé wá síwájú òfin náà.

Bí a bá mú ọmọ yín, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ má sì ṣe sá. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun mẹ́rin, tàbí kí ẹ bẹ agbẹjọ́rò kí ó bá yín béèrè rẹ̀. Àyẹ̀wò wo ni a ṣe, ti àwọ̀ ni tàbí ti ẹ̀rọ? Ṣé a ṣe ẹ̀kejì tí ó gba ọ̀nà mìíràn? Ṣé a di ìgò tàbí àpò náà, tí a kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, tí a sì mọ gbogbo ọwọ́ tí ó gbà kọjá? Ṣé ó ṣẹ́ kù tí a lè fi tún un yẹ̀ wò? Olódodo kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí pé iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò tí ó dára ti dáhùn wọn kí a tó béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tiyín ni ó kẹ́yìn. Ẹni tí ó tà á fún yín kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Òun náà rà á ni. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, imú kò lè mọ̀ ọ́n, orúkọ tí ó ń jẹ́ kò sì sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n bá ń wọ́n lúlúù sí ewé, kì í dọ́gba: ìpẹ̀kun àpò kan lè ṣe jẹ́jẹ́, kí ìpẹ̀kun kejì pa ènìyàn. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣubú lẹ́yìn tí ó mu irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ fi í dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kí èébì má baà dí i ní ọ̀nà ọ̀fun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà, kí ẹ sì mú èyí tí ó ṣẹ́ kù dání. Ìyókù tí ó wà nínú bébà yẹn lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì tí yóò sọ irú oògùn tí a ó fi gbà á là.

Ó dìgbà kan ná, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Kí Ọlọ́run má fi àwọn ọmọ wa sí ọwọ́ agbẹjọ́ ẹnìkan dá.